Ṣọ́bìrì Tí Àwọn Agbẹ́lẹ̀ Ò Fẹ́ Fojú Rí

Ẹ̀yin ọmọ tó ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dáa kí ẹ kọ́, ẹ jókòó. Ẹ má wo fóònù yín tí mo bá ń sọ̀rọ̀, nítorí mi ò ní tún un sọ. Orúkọ mi ni Ràfíù, ṣùgbọ́n láti Malu Road títí wọ inú Ajégúnlẹ̀, Bàbá Oníṣọ́bìrì ni wọ́n ń pè mí. Iṣẹ́ ṣọ́bìrì ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe: ṣọ́bìrì, ọkọ́, dígà, gbogbo ohun tí èèyàn lè fọwọ́ mú fi gbẹ́ ilẹ̀. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá gbọ́. Wọ́n á ní, "Bàbá, kí ló wà nínú ṣọ́bìrì? Ṣé kì í ṣe irin àti igi ni?" Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín, títí kan èyí tó ṣì ń pa mí lẹ́kún.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Làmídì ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Malu Road, níbi tí àwọn tírélà máa ń tò sí kí wọ́n tó wọ wáàfù. Bí wọ́n ṣe gbà mí sẹ́nu iṣẹ́ àti ohun tí bàbá mi san, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé Ọ̀gá Làmídì le. Ẹ̀yin ò tíì rí ẹni tó le! Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n láti ilé baba wọn, àmọ́ nígbà tí wọ́n dé Èkó, wọ́n rí i pé kò sí àgbẹ̀ tí wọ́n máa rọ ọkọ́ fún. Àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà àti àwọn tó ń kó ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi ló pọ̀ níbẹ̀. Ni wọ́n bá yíjú sí ṣọ́bìrì.

Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀gá ò jẹ́ kí n rọ irin. Èédú ni mo ń kó, ẹwìrì ni mo ń fẹ́. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á ní kí n lọ síbi tí àwọn èèyàn ti ń gbẹ́lẹ̀, kí n lọ wò wọ́n.

"Kí ni kí n wò lára wọn, Ọ̀gá?"

"Ẹ̀yìn wọn."

Mo lọ, mo wò, mo padà wá. Wọ́n ní kí ni mo rí. Mo ní mo rí wọn tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀. Ọ̀gá gbá mi létí, gbòà! "Òpònú! Ṣé èmi náà ò mọ̀ pé wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ ni? Ibo ló ń dùn wọ́n?" Mo tún padà síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ọkùnrin kan tó máa ń fọwọ́ ti ìbàdí ní gbogbo ìgbà tó bá da yanrìn nù, tí mo sì rí i pé èèkù ṣọ́bìrì rẹ̀ ló kúrú jù fún un. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá, wọn ò yìn mí. Wọ́n kàn ní kí n lọ jẹun. Lọ́wọ́ Ọ̀gá Làmídì, ìyẹn ti ju ìyìn lọ.

Ọ̀gá kì í rọ ṣọ́bìrì fún ẹni tí wọn ò rí. Tí o bá rán ìyàwó ẹ wá, wọ́n á dá a padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìwọ fúnra ẹ lo máa wá, wàá bọ́ bàtà, wàá dúró ṣinṣin, wọ́n á fi ọ̀pá wọ̀n ọ́ láti ilẹ̀ dé abíyá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi kó. Ṣé àlìkámà inú ọkọ̀ ni, àbí iyọ̀, àbí ẹrọ̀fọ̀ Ajégúnlẹ̀? Wọ́n á ní ọ̀tọ̀ ni ṣọ́bìrì tó ń kó iyọ̀, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń kó ẹrọ̀fọ̀, ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀ ń wá àìsàn ẹ̀yìn fún oníbàárà ni.

Nígbà tí mo gba fírídọ̀mù, ọ̀gá fún mi ní igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù pé kí n máa ṣe tèmi níbẹ̀. Irin ò wọ́n wa. Àwọn mẹkáníìkì tírélà máa ń ju sípíríǹgì tó ti kán sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwa la ń he é. Tí o bá ti fi iná rọ irin sípíríǹgì yẹn, tí o tì í bọ omi, ẹnu rẹ̀ kì í tètè kú. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá àrà. Fún àwọn tó ń kó àlìkámà nínú ikùn ọkọ̀, mo ṣe ṣọ́bìrì tó fẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kó lè gbá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ mọ́ tónítóní. Fún àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn, mo so èèkù kejì mọ́ àárín èèkù àkọ́kọ́, kí wọ́n má bàa máa tẹ̀ kóló bí wọ́n ṣe ń gbé e.

Ṣùgbọ́n ẹrọ̀fọ̀ Ajégúnlẹ̀ ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Àbàtà ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó da yanrìn sí i. Tí o bá ti ki ṣọ́bìrì bọ ẹrọ̀fọ̀ yẹn, ó máa fà á mọ́ra, ìwọ àti òun lẹ máa jọ máa du ú. Mo rò ó, mo rò ó. Ni mo bá dá ihò wẹ́wẹ́ lu sójú irin ṣọ́bìrì kan, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀gá gbé e sókè, wọ́n wo oòrùn láti inú ihò rẹ̀.

"Asẹ́ lo rọ yìí àbí ṣọ́bìrì? Ṣé ògì lo fẹ́ sẹ́ ni?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, àmọ́ mo gbé e fún Lásísì, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, tó ń gbẹ́ gọ́tà nígbà náà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, òun àti Mọ́ńdè ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti sáré padà wá. Ìhà Wárì ni àwọn òbí Mọ́ńdè ti wá, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá àti Pidgin ló máa ń pò pọ̀ sọ. "Bọ̀dá Ràfíù," ó ní, "this one sweet! Ground no fit hold am. Ẹ ṣe sí i fún wa jàre." Lọ́jọ́ kejì, mo bá ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń dá ihò lu sí ṣọ́bìrì tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Lásísì ṣe rí. Kò lè panu mọ́. Tí o bá ń kọjá níbi iṣẹ́, wàá máa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ihò kí o tó rí ẹnikẹ́ni. Ibi tó bá dé, á ní, "Bọ̀dá mi ló rọ ọ́," á sì gbé ṣọ́bìrì náà sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Ó fẹ́ràn ṣọ́bìrì tó mú. Á wá jókòó tì mí nídìí iṣẹ́, á ní, "Ẹ pọ́n ọn sí i, Bọ̀dá mi. Mo fẹ́ kó máa gé ilẹ̀ bíi búrẹ́dì." Èmi náà á sì pọ́n ọn sí i, nítorí mo fẹ́ràn ọmọ náà. Kò sí ohun tó bèèrè tí mi ò ní ṣe fún un.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ihò ṣọ́kàwéè ni wọ́n ń gbẹ́ sẹ́yìn ilé kan ní Ajégúnlẹ̀, ihò jíjìn tí omi ìgbọ̀nsẹ̀ ilé máa ń wọ̀. Òun àti Mọ́ńdè máa ń pín in ṣe ni: ẹnì kan á wà nísàlẹ̀, èkejì á wà lókè, á máa fokùn fa garawa yanrìn. Lásísì ló wà nísàlẹ̀. Ọkọ̀ tó kó búlọ́ọ̀kù wá fún onílé wá fẹ̀yìn rìn sún mọ́ ẹnu ihò. Mọ́ńdè pariwo, ó ń juwọ́ kí awakọ̀ dúró, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti mì. Ẹ̀gbẹ́ ihò ya, ó bo àbúrò mi mọ́lẹ̀.

Wọ́n sáré wá pè mí. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Ohun tí mo bá ni àwọn ọkùnrin tó kúnlẹ̀ sínú ihò, tí wọ́n ń fọwọ́ wa yanrìn, tí yanrìn náà sì ń dà padà. Ìyàwó onílé dúró lókè, ó ń ké, "Ẹ má lo ṣọ́bìrì o! Ẹ máa ṣá a lọ́gbẹ́ o!" Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ṣọ́bìrì tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, èmi ni mo rọ ọ́, èmi ni mo pọ́n ọn, kò sì sí èyí tí a lè fi wá ènìyàn nínú yanrìn. Mo bẹ́ sínú ihò, èmi náà ń fọwọ́ wà á. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde léèékánná wa. A ò tíì rí irun orí rẹ̀.

Mọ́ńdè ò lè mú un mọ́ra mọ́. "He go die! Ọwọ́ yìí ò yá!" Ó gbé ṣọ́bìrì, ó ń gbẹ́. Kò sẹ́ni tó dá a dúró, torí pé gbogbo wa rí i pé yanrìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Lójijì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó fi ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí.

A gbé Lásísì jáde. Ẹnu ṣọ́bìrì ti gé e láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé abẹ́ etí. Ṣé yanrìn ló ti pa á kí ṣọ́bìrì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni, àbí ó ṣì ń mí? A ò mọ̀. Títí dòní a ò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún wa.

Nígbà tí ìyá wa dé, a ti fi aṣọ bò ó. Wọ́n ṣí aṣọ náà. Wọ́n ní, "Ta ló ṣe ojú ọmọ mi báyìí?" Mọ́ńdè dojú bolẹ̀ níwájú wọn, ó ní ṣọ́bìrì ọwọ́ òun ni. Ìyá mi fọwọ́ kàn án lẹ́yìn pé kó dìde, pé àwọn mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú un ṣe é. Síbẹ̀, títí wọ́n fi kú, wọn ò yé sọ̀rọ̀ ojú yẹn. Ká ní wọ́n rí ojú ọmọ wọn bí àwọn ṣe bí i ni, wọ́n á ní, bóyá àwọn á lè gbàgbé díẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, nǹkan kan ṣoṣo ni mo ń wá: ṣọ́bìrì tó lè wú ẹni tí ilẹ̀ ya lù jáde kíákíá láìṣe é léṣe. Mo fi pákó pẹlẹbẹ ṣe ojú rẹ̀ dípò irin. Mo gé rọ́bà táyà tírélà, mo fi wé ẹnu rẹ̀ yípo. Mo gé èèkù rẹ̀ kúrú kí ẹni tó ń lò ó lè kúnlẹ̀, mo sì gbé etí rẹ̀ méjèèjì sókè kí yanrìn má bàa dà padà. Ìbẹ́pẹ pípọ́n ni mo fi ń dán an wò. Màá ri ìbẹ́pẹ mọ́ yanrìn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, màá wú u pẹ̀lú ìkánjú. Tí ìfarapa kékeré bá wà lára rẹ̀, màá tú ṣọ́bìrì ká, màá tún un ṣe.

Ìyàwó mi wá bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Bàbá Sàkíràtù, ṣé orí yín pé báyìí? Ẹ ra ìbẹ́pẹ, ẹ sin ín, ẹ wú u, ẹ tún sin ín! Àwa tí a fẹ́ jẹ ẹ́ ńkọ́?" Mo sọ ohun tí mo ń ṣe fún un. Láti ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń ra ìbẹ́pẹ bọ̀ láti ọjà, òun ló sì ń rì í mọ́lẹ̀ kí n má bàa mọ ibi tó wà. Nígbà tó yá, mò ń wú u jáde láìsí àpá kankan lára rẹ̀.

Mo rò pé wàhálà ti tán. Kò tán. Àwọn agbẹ́lẹ̀ kọ̀ ọ́. Ẹ gbọ́ mi o, wọn ò sọ pé kò dáa. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rí i níbi iṣẹ́. Àwọn agbẹ́lẹ̀ ní èèwọ̀ tiwọn: wọn kì í dárúkọ ikú lẹ́nu ihò, wọn kì í gbé ohunkóhun tó jọ ti òkú síbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá gbé irú ṣọ́bìrì yìí dání ń pe ilẹ̀ kó ya ni. Ṣọ́bìrì Òkú ni wọ́n sọ ọ́. Mo ní màá fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ fẹ́ kí ilẹ̀ ya lù wá ni?" Inú bí mi débi pé mo bú wọn, mo pè wọ́n ní olóríkunkun.

Mọ́ńdè ló burú jù nínú wọn, ó sì ti di olórí wọn nígbà yẹn. Kò lè wo ṣọ́bìrì náà lẹ́ẹ̀mejì. "Bọ̀dá Ràfíù, ẹ má bínú. Any time I see am, na Lasisi face I dey see. Ẹ bá mi gbé e kúrò." Mo fi í kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá Làmídì kú. Ayé yí. Wọ́n ń fi kọ̀ńténà kó ṣọ́bìrì wọlé láti òkè òkun, gbogbo rẹ̀ dọ́gba, o ga o, o kúrú o, ìkan náà ni wọ́n máa kó fún ẹ. Ní wáàfù, ẹ̀rọ ló ń fa àlìkámà látinú ọkọ̀ báyìí. Katapílà ń gbẹ́ gọ́tà ńlá. Èmi náà ra ẹ̀rọ ìjórin, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, mo sì rí i pé ó yá ju iná ẹwìrì lọ, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà Ajégúnlẹ̀ há, katapílà ò lè wọ ẹ̀yìnkùnlé èèyàn, nítorí náà àwọn agbẹ́lẹ̀ ṣì ń wọ ihò. Nígbà tí ìka ọwọ́ mi ò ká mọ́, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo kàn máa ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, màá jókòó síwájú rẹ̀, màá máa wo tírélà.

Níbẹ̀ ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ tí fóònù mi dún. Mọ́ńdè ni. Ohùn rẹ̀ ò jọ tirẹ̀. "Bọ̀dá Ràfíù, ilẹ̀ ti ya lu Fílípì. Ẹ gbé e wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá!" Fílípì ni àkọ́bí rẹ̀, ó ń bá a gbẹ́lẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni.

Mo já ṣọ́bìrì náà lára ògiri. Tírélà ti dí ọ̀nà látòkè délẹ̀. Mo dá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan dúró, awakọ̀ wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ó mọ̀ ọ́n, nítorí gbogbo Ajégúnlẹ̀ ti gbọ́ nípa Ṣọ́bìrì Òkú. Ó ní, "Baba, I no fit carry that thing," ó sì wakọ̀ lọ. Ẹlòmíràn dúró, òun náà wò ó, ó lọ. Háà! Mo sáré. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, mo ń gba àárín tírélà, mo ń sáré, mo ń sunkún, mo ń ké pe Ọlọ́run.

Nígbà tí mo dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wà á, bí ti ọjọ́sí. Mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣọ́bìrì yẹn ṣiṣẹ́. Yanrìn ń lọ, kò dà padà. Nígbà tí apá mi ò gbé e mọ́, ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ mi. Láìpẹ́ a rí orí, a rí èjìká, a fà á jáde. Ara rẹ̀ ṣì gbóná. A tẹ̀ ẹ́ láyà, a fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, a gbọ̀n ọ́n. Kò mí. Bí ṣọ́bìrì náà bá wà lẹ́nu ihò ni, bí kẹ̀kẹ́ kan bá tilẹ̀ gbé mi ni, à bá bá a láàyè. Mo mọ ìyẹn, Mọ́ńdè náà mọ̀ ọ́n.

Mọ́ńdè gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu yanrìn lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yí i sápá ọ̀tún, ó wò ó. Ó yí i sápá òsì, ó wo ẹ̀yìn etí rẹ̀. "No mark," ó ní. "Bọ̀dá Ràfíù, ẹ wò ó. His mama go see him face." Ìgbà yẹn ló wá figbe ta. Èmi náà ò lè mú un mọ́ra, mo jókòó sórí yanrìn, mo sunkún Fílípì, mo sunkún Lásísì mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Mọ́ńdè wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé ṣọ́bìrì náà lọ. Mo rò pé ó fẹ́ lọ dáná sun ún, mi ò bi í. Kò sun ún o. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n níbikíbi tí wọ́n bá ti ń gbẹ́lẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, ibẹ̀ lẹ máa bá a. Ó máa ń jókòó lẹ́nu ihò pẹ̀lú ṣọ́bìrì náà lórí itan. Àwọn agbẹ́lẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ lé e. Wọ́n bínú, wọ́n bẹ̀ ẹ́, àwọn míì gbàdúrà kí ó má wá mọ́. Kò dìde fún wọn.

Lánàá, Mọ́ńdè ò lè wá torí pé ibà dá a dùbúlẹ̀. Ihò kan wà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ nítòsí mọ́ṣáláṣí wa. Mo ń fọ ẹnu lọ́wọ́ nígbà tí mo rí àwọn agbẹ́lẹ̀ náà níwájú ilé mi, tí wọ́n mú irinṣẹ́ wọn dání. Ọ̀kan nínú wọn ló gbé ṣọ́bìrì onírọ́bà náà lọ́wọ́. Ilé Mọ́ńdè ni wọ́n ti lọ gbà á. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ wọ ihò ni. Ẹ bá wa wá jókòó."

Mo wọ bàtà, mo tẹ̀lé wọn.